Owó Ewúrẹ́

Afárá ti já láti òjò ìkínní,
àwọn tó ń tún un ṣe ti kó ṣọ́bìrì wọn lọ,
ló bá di pé ọkọ̀ ojú omi la fi ń kọjá Ọbà,
àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí omi kò kọjá orúnkún wa rí.

Mo ti àwọn abúlé bọ̀, níbi tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe,
mo gun kẹ̀kẹ́ oníbátìrì mi dé èbúté ní ìrọ̀lẹ́.
Kò hó. Kò wúkọ́. Kò tú èéfín.
Ládépò ọlọ́kọ̀ kò mọ̀ pé mo dé
títí táyà fi kàn án lẹ́sẹ̀.

"Kí lèyí?"
"Kẹ̀kẹ́ ni."
"Ibo ló ń gbé epo sí?"
"Kì í mu epo."
Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀
bí ẹni tó fẹ́ ra àgbò ọdún.
"Ohun tí kò mu epo, tí kò jẹ koríko, tó sì ń rìn,
èmi ò ní gbé e pọ̀ mọ́ èèyàn.
Iná àti omi, ìgbà wo ni wọ́n dọ̀rẹ́?"
Mo ní mo ti fi ọ̀rá wé bátìrì rẹ̀, mo ti pa á.
Ó ní, "O pa á. Ṣé ó kú?"

Ọ̀rọ̀ wá kan owó. Ṣé ẹrù ni àbí èrò?
Ewúrẹ́ Ìyá Oyèbọ́lá ti san ìdajì,
ó dúró sínú ọkọ̀, ó ń da ìgbẹ́ sílẹ̀ wóróworo.
Ìyá ní, "Ládépò, gbowó ewúrẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yìí.
Tèmi ń ké, tiẹ̀ ò ké."
Èbúté rẹ́rìn-ín. Mo san owó ewúrẹ́.

Omi pupa bí ògiri ilé àwọn baba wa,
ó ń gbé ẹ̀ka igi kọjá, ó ń gbé bàtà ẹsẹ̀ kan,
odindi ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tòun ti ọmọ.
Mo di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú
bí wọ́n ti ń di ọmọ mú lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ ilé-ìwé.

Láàárín odò ni ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ní ó tó.
Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́.
Ládépò fa okùn, ó fa okùn,
ó mi kẹ́ẹ̀gì epo, òfìfo ló dáhùn.
Kò jẹ́ kí ojú òun kan kẹ̀kẹ́ mi mọ́,
bí ẹni tó bú àlejò tán
tó wá rí i pé àna òun ni.

Ó mú àjẹ̀. Ilẹ̀ ń ṣú.
Kùrukùru ti bo etí odò kejì,
a ò mọ ibi tí èbúté wà, a ò mọ ibi tí gbòǹgbò wà.
Ilà kan ṣoṣo ló kù lójú bátìrì mi,
ilà tí mo tọ́jú fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wọ̀lú.
Mo wò ó.
Mo tú ọ̀rá. Mo tẹ súwíìṣì.

Iná iwájú kẹ̀kẹ́ la kùrukùru
bí ọ̀bẹ ti í la ìbẹ́pẹ,
ó bá òpó èbúté, ó bá ọmọdékùnrin kan tó ń fọ ìkòkò.
Ọmọ náà ju ìkòkò sílẹ̀, ó sá.

Nígbà tí ẹsẹ̀ wa fi tẹ ẹrẹ̀, ilà náà ti lọ.
Ládépò kò dá owó padà.
"Owó ewúrẹ́, owó ewúrẹ́ náà ni," ó ní,
àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló gbé kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀,
ó sì fi ẹ̀wù rẹ̀ nu omi kúrò lára ìjókòó.
"Lọ́la ńkọ́? Ṣé wàá tún kọjá?"

Mo ń tì í lọ lójú títì.
Ìyá Oyèbọ́lá ń fa tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi:
"Wò ó, mo sọ bẹ́ẹ̀. Ewúrẹ́ ni."

Mo dé Tákìé, òkùnkùn biribiri;
láti ọ̀sán ni Nẹ́pà ti mú iná lọ.
Mo táràrà wá ihò ara ògiri,
mo ki ṣájà bọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà,
mo sùn.